Ìfiwéra: ọ̀nà ìṣirò àti irinṣẹ́ ìwọ̀n fún pápá òòfà tó há sínú ìṣù súpákọ́ńdọ́kítọ̀

Ẹ gbé ìṣù YBCO kan (súpákọ́ńdọ́kítọ̀ ni, ohun tó ń gbé iná láìsí ìdènà bí ó bá tutù tó; yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn ni wọ́n fi ṣe é) tó fẹ̀ ní mìlímítà 25, tó nípọn ní mìlímítà 10, sáàárín pápá òòfà. Ẹ da náítírójìn olómi lé e lórí títí yóò fi tutù dáadáa, kí ẹ wá yọ pápá náà kúrò. Gbogbo pápá kọ́ ló máa lọ. Ìṣàn iná tí kò rí ohun tó máa dá a dúró á máa yí po nínú ìṣù, òun ló sì ń di òòfà mú síbẹ̀. Ó ku ìbéèrè kan: òòfà yìí tó mélòó? Àwọn kan á ṣírò rẹ̀, àwọn kan á wọ̀n ọ́n, iye méjèèjì kì í sì í sábà bára mu. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ìṣirò burú, kì í sì í ṣe pé sẹ́ńsọ̀ (irinṣẹ́ tó ń mọ òòfà lára) bàjẹ́. Ìṣirò ń sọ ti ojú ìṣù gan-an ní kété tí pápá yọ. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ ti ibi tó fi mìlímítà kan ga ju ojú ìṣù lọ, lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Bí a ṣe ń fi ọ̀nà kan wé òmíràn nísàlẹ̀ yìí, ìbéèrè méjì ni kí ẹ máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ibo lo ti kà á, ìgbà wo lo kà á?

Ìṣù wo?

Èyí kò gba àkókò. YBCO àti GdBCO (ìbátan YBCO tí gadolinium rọ́pò yttrium nínú rẹ̀) máa ń di súpákọ́ńdọ́kítọ̀ ní nǹkan bí 92 K (K ni kelvin, ìwọ̀n ìgbóná tó bẹ̀rẹ̀ láti −273 °C), náítírójìn olómi sì ń hó ní 77 K, nítorí náà ó tó wọn. Náítírójìn kan náà ni èyí tí àwọn dókítà ẹran fi ń pa àtọ̀ màlúù mọ́. Kò ṣòro rí tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. MgB₂ (magnesium àti boron) rọrùn láti ṣe, ó sì rí bákan náà láti àárín dé etí ju YBCO lọ, ṣùgbọ́n 39 K ni tirẹ̀. Náítírójìn olómi kò lè mú un dé ibẹ̀. Àfi hílíọ́mù tàbí ẹ̀rọ amútutù olówó ńlá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó mú YBCO, tàbí GdBCO tí wọ́n fi fàdákà sí. Fàdákà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o: ó ń dí ojú sísán kéékèèké, ó sì ń jẹ́ kí ìṣù le.

Ká lè mọ ibi tí àwọn míì ti dé: lọ́dún 2003, Tomita àti Murakami ní Japan há 17.24 T (T ni tesla, ìwọ̀n agbára òòfà) sáàárín ìṣù YBCO méjì ní 29 K. Lọ́dún 2014, àwọn ará Yunifásítì Cambridge há 17.6 T sáàárín ìṣù GdBCO méjì ní 26 K. Òòfà neodymium tí ẹ ń rà lọ́jà kì í sábà kọjá nǹkan bí 0.5 T lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi iye 29 K tàbí 26 K retí nǹkan ní 77 K. Ní 77 K, ìṣù dídára tó fẹ̀ ní mìlímítà 25 sí 30 á fún yín ní nǹkan bí 1 T tàbí kó dín.

Bírò àti bébà: ọ̀nà Bean

Charles Bean, onímọ̀ físíìsì, ló gbé èrò yìí kalẹ̀ lọ́dún 1962: níbikíbi tí iná bá ti ń ṣàn nínú ìṣù, ó ń ṣàn tó agbára rẹ̀ tó ga jù, èyí tí à ń kọ ní Jc; ibi tí kò bá ti ṣàn, kò ṣàn rárá. Ó tán. Nínú ọ̀pá gígùn, pápá tó há sí àárín á jẹ́ B = μ₀ × Jc × r, níbi tí r ti jẹ́ ìdajì fífẹ̀ ìṣù, tí μ₀ sì jẹ́ iye àìyípadà ti òòfà, 4π × 10⁻⁷.

Fọ́múlà yìí ló kún inú ìwé, òun náà ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà jù, nítorí ìṣù tiyín kì í ṣe ọ̀pá gígùn. Ó pẹlẹbẹ bí ọmọrí agolo. Ẹ fi Jc = 1 × 10⁸ A/m² sí i, ó máa sọ fún yín pé 1.57 T. Irọ́ ni. Èyí tó yẹ ìṣù tó nípọn ní h, fún àárín ojú rẹ̀, ni:

B = (μ₀ Jc h / 2) × ln[(r + √(r² + h²)) / h]

Pẹ̀lú Jc kan náà, r = 12.5 mm, h = 10 mm, ohun tó jáde ni 0.66 T, tí kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ti ibi tó fi z ga ju ojú ìṣù lọ:

B(z) = (μ₀ Jc / 2) × { (z+h) ln[(r + √(r² + (z+h)²)) / (z+h)] − z ln[(r + √(r² + z²)) / z] }

A ti bá yín ṣe é fún ìṣù kan náà:

| Ìjìnnà sí ojú ìṣù | Pápá ní àárín |
|---|---|
| 0 mm | 0.66 T |
| 0.5 mm | 0.54 T |
| 1 mm | 0.47 T |
| 2 mm | 0.37 T |

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdajì mìlímítà péré ti jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń mọ òòfà lára nínú sẹ́ńsọ̀ kì í wà ní ojú ike rẹ̀. Ó rì sínú díẹ̀, ó lè jẹ́ 0.3 mm, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé tó bá sẹ́ńsọ̀ wá ló máa sọ. Nítorí náà ẹni tó ní òun fi sẹ́ńsọ̀ "kan ojú ìṣù gan-an" kò tíì dé odo. Bí ẹ bá ka 0.47 T ní 1 mm, tí ẹ wá fi fọ́múlà ojú ìṣù wá Jc padà, ẹ máa rí 7.2 × 10⁷ dípò 1 × 10⁸. Ìṣù kò ní ẹ̀bi. Ẹ̀yin lẹ gbé mìlímítà kan jù nù.

Ohun tí Bean kò mọ̀ pọ̀. Kò mọ̀ pé àkókò ń lọ: lọ́dọ̀ rẹ̀, pápá tó há lónìí á há bẹ́ẹ̀ títí ayé. Kò mọ̀ pé Jc ń dín kù bí pápá ṣe ń pọ̀ sí i. Kò sì mọ ooru. Síbẹ̀, fún ìṣù olóbìírípo ní 77 K, tí ẹ sì tutù nínú pápá, òun la máa kọ́kọ́ lò, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbà, ó sì máa ń sún mọ́ òótọ́ tó láti fi hàn bóyá ohun tí ẹ wọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi.

Kọ̀ǹpútà: E–J àti ìgékéékèèké

Níbí, a kò sọ pé iná ń ṣàn tàbí kò ṣàn mọ́. A ní E = E₀ (J/Jc)ⁿ, níbi tí E ti jẹ́ pápá iná, tí J jẹ́ bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, tí E₀ jẹ́ 10⁻⁴ V/m, tí n sì ń sọ bí E ṣe ń fò sókè tó bí J bá ti dé Jc. Iye n tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ìṣù jẹ́ nǹkan bí 21. Bí n bá ga lọ sókè gan-an, a padà sọ́dọ̀ Bean nìyẹn. A ó gé ìṣù àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká sí wẹ́wẹ́, kí kọ̀ǹpútà wá bá wa yanjú rẹ̀ láti wẹ́wẹ́ dé wẹ́wẹ́. COMSOL ni ọ̀pọ̀ ń lò, owó rẹ̀ sì wọ́n. GetDP, tó ti Liège ní Belgium wá, kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ máa fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń dá èèyàn dúró níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ ọjọ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ fún afẹ́fẹ́ ní ìdènà iná tó mọníwọ̀n, bíi 1 Ω·m. Bí ẹ bá fún un ní iye ńlá tó jọ ti afẹ́fẹ́ gidi, ìṣirò á há. Èkejì, etí ayé tí ẹ ya yí ìṣù ká gbọ́dọ̀ jìnnà, ó kéré tán ìlọ́po 5 sí 10 r. Bí ó bá sún mọ́ jù, ó máa ti pápá padà sínú. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe já pápá sí odo lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe máa ṣe é lórí tábìlì. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ẹ lo irú ègé tó ń di pápá mú ní etí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní edge element, tí ẹ bá ń fi H (agbára pápá òòfà) ṣírò.

2D tó yí po ọ̀pá àárín, kọ̀ǹpútà alágbèéká á parí rẹ̀ kí ẹ tó jẹun tán. 3D lè gba òru mọ́jú. Nígbà wo wá ni 3D tọ́? Bí ìṣù bá jẹ́ onígun mẹ́rin, bí ó bá sán, tàbí bí ẹ bá fẹ́ rí ìlà mẹ́rin tó máa ń jáde láti ibi tí wọ́n gbin irúgbìn kírísítálì (kírísítálì kékeré tí ìṣù ti ara rẹ̀ hù) sí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìnáwó lásán ni.

Bí pápá bá ju 1 T lọ, ẹ fi ìdínkù Jc kún un: Jc = Jc₀ / (1 + B/B₀), èyí tó ti ọ̀dọ̀ onímọ̀ físíìsì Kim wá; Jc₀ ni Jc nígbà tí kò sí pápá, B₀ sì ni pápá tó ń sọ Jc di ìdajì. Ẹ má ṣe méfò B₀. Ẹ gé ègé kékeré láti ara ìṣù bíi tirẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n bí a ó ṣe sọ nísàlẹ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ní tí Bean kò ní ni àkókò. Pápá tó há ń yọ́ jáde, kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́ọ́wọ́ọ́. Tí n bá jẹ́ 21, ìgbàkígbà tí àkókò bá di ìlọ́po 10, ìṣàn iná á kù sí 0.89 ohun tó jẹ́. Láti ìṣẹ́jú 1 sí ìṣẹ́jú 10, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ti lọ. Láti ìṣẹ́jú 10 sí 100, iye bẹ́ẹ̀ tún lọ. Èyí máa wúlò fún wa nígbà tí a bá gbé sẹ́ńsọ̀ dé.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó òòfà sí i?

Bí ẹ kò bá tíì yan èyí, ẹ kò lè yan ìṣirò.

Títutù nínú pápá ló rọrùn jù. Pápá ti wà níta kí ìṣù tó tutù. Ó kàn nílò kí pápá náà ju èyí tí ẹ fẹ́ kó há lọ díẹ̀. Fún ìṣù wa, òòfà oníná tó ń fún yín ní 1.5 T tó, ó sì ṣẹ́kù. Ẹ da náítírójìn díẹ̀díẹ̀, kí èéfín tutù kọ́kọ́ kan ìṣù kí omi rẹ̀ tó kàn án, nítorí bí ẹ bá rì í lẹ́ẹ̀kan, ó lè sán. Nígbà tí híhó bá rọlẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 sí i, kí àárín ìṣù lè tutù bí etí rẹ̀. Ẹ wá sọ pápá kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Títutù láìsí pápá yàtọ̀ pátápátá. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń ti pápá wọ inú ìṣù tó ti tutù: ó máa kọ́kọ́ lé e sẹ́yìn. Kí pápá tó dé àárín ìṣù tiwa, ó nílò nǹkan bí 1.04 T, kí ó sì tó há tán pátápátá lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ nílò ìlọ́po méjì, ìyẹn 2.07 T. Òòfà 1.5 T tó tó ní ọ̀nà àkọ́kọ́ kò tó mọ́ níbí. Bí òkè pápá tí ẹ wọ̀n bá ní kòtò ní àárín bí orí agolo tí wọ́n tẹ̀, ẹ lọ wo èyí kí ẹ tó bínú sí ìṣù.

Ẹ̀kẹta ni ìjà mànàmáná: kapásítọ̀ ńlá á tú iná sínú kọ́ìlì, pápá á gòkè láàárín nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ńdì 10. Kọ́ìlì rẹ̀ kékeré, ẹ lè gbé e sínú mọ́tò oníná, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n pípa tí pápá ń pa ara wọlé kíákíá ń gbé ooru jáde, ooru ń dín Jc kù, pápá tó há sì ń kéré sí ti títutù nínú pápá. Fujishiro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iwate dé 5.20 T ní 29 K lọ́dún 2006, wọ́n sì lo ìjà púpọ̀ bí wọ́n ṣe ń tutù sí i. Ìṣirò fún èyí, Bean kò lè ṣe é rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ so ooru mọ́ iná: Jc á máa yí padà pẹ̀lú ìgbóná, ooru á sì máa rìn nínú ìṣù, nǹkan bí 20 W/(m·K) sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n 4 péré sí òkè. Ẹni tó bá fi iye kan ṣe méjèèjì, ooru rẹ̀ á jáde síbi tí kò sí.

Irinṣẹ́ ìwọ̀n

*Sẹ́ńsọ̀ Hall kan ṣoṣo, tí a lẹ̀ mọ́ àárín.* Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Wáyà mẹ́rin ló ní: méjì ń gbé iná wọlé, méjì ń ka fóltì tí pápá òòfà ń mú jáde. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ibi tútù, tí ìwọ̀n ìmọ̀lára rẹ̀ ní 77 K sì wà nínú ìwé rẹ̀, nítorí iye ti inú yàrá kò ní bára mu níbẹ̀. Ẹ kà á pẹ̀lú iná síwájú, ẹ tún yí iná padà kà á. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, kí ẹ pín in sí méjì. Èyí ń pa fóltì kékeré tí wáyà ń mú wá nígbà tí ìdí rẹ̀ kan gbóná tí èkejì tutù. Ó ń sọ bí pápá ṣe ń yọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ìṣù sán.

*Sẹ́ńsọ̀ Hall tó ń rìn.* Èyí ló ń ya àwòrán pápá. Ẹ dè é mọ́ ọ̀pá G10 (fáíbà gíláàsì pẹ̀lú résínì), kí mọ́tò wà lókè níta, kí ó má sí skúrù onírin kankan nítòsí. Bráàsì ni kí ẹ lò. Ká ní ẹ fẹ́ ya 30 × 30 mm, ní ìṣísẹ̀ 1 mm: ojúàmì 961 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 2, gbogbo rẹ̀ á tó ìṣẹ́jú 32. Bẹ́ẹ̀ pápá ń yọ́ jáde ní gbogbo àsìkò yẹn! Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn tí pápá yọ, tí n jẹ́ 21, ìlà tó kẹ́yìn á fi ìdá 13 nínú 100 kéré sí bó ṣe yẹ kó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán á fì sí apá kan, ẹ ó sì rò pé ìṣù ló burú níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dúró ìṣẹ́jú 15, àṣìṣe náà á kù sí nǹkan bí ìdá 5 àti ààbọ̀. Àwa a máa ń dá sẹ́ńsọ̀ padà sí àárín lópin ìlà kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi iye ibẹ̀ tún ìlà náà ṣe.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni ìjìnnà. Ọ̀pá ń súnkì bó ṣe ń tutù, nítorí náà z tí ẹ wọ̀n kí ẹ tó da náítírójìn kì í ṣe z tí ẹ ní nísinsìnyí. Ẹ tún un wọ̀n ní tútù: ẹ sọ sẹ́ńsọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kan ojú ìṣù, kí ẹ gbé e sókè ní iye tí ẹ fẹ́. Yìnyín tó bá já sínú ìkòkò náà á gbé sẹ́ńsọ̀ sókè láìsọ fún yín. Ẹ bo ìkòkò.

*Sẹ́ńsọ̀ Hall púpọ̀ lórí ìlà kan.* Ó dára fún ìjà mànàmáná, nítorí kò sí àyè láti rìn. Ibi tó ń já èèyàn kulẹ̀ ni wáyà. Pápá tó bá gòkè dé 5 T láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 10 ń yí padà ní 500 T lójú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà méjì tó ń ka fóltì bá fi àyè sẹ̀ǹtímítà kan níbùú-lóròó sílẹ̀ láàárín ara wọn, 50 mV èké á wọlé. Bó bá jẹ́ mìlímítà kan níbùú-lóròó, 0.5 mV péré. Ẹ lọ́ wáyà mọ́ra wọn láti ìdí sẹ́ńsọ̀ dé orí ẹ̀rọ tó ń ka fóltì.

*Gáńẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n sí.* Fíìmù tínínrín kan ni, ẹ ó gbé e lé ojú ìṣù tí ẹ ti dán, ẹ ó sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù. Kò sí ohun tó ń fi ojú sísán hàn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pápá ńlá á tètè kún un, lẹ́yìn ìyẹn kò tún sọ nǹkan kan. Kì í ṣe irinṣẹ́ fún iye.

*Ègé kékeré nínú ẹ̀rọ mágínẹ́tọ̀mítà.* Ẹ gé bíi 1.5 × 1.5 × 1.2 mm, kí ẹ wọn ìlà ìyíká rẹ̀ (ìlà tí òòfà inú rẹ̀ ń tọ̀ bí pápá ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀), kí ẹ fi Jc = 2ΔM / [a(1 − a/3b)] wá Jc, níbi tí ΔM ti jẹ́ àlàfo láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ìlà náà, tí a àti b jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì ojú ègé tó dojú kọ pápá, tí a kò sì ju b lọ. Èyí ló ń fún kọ̀ǹpútà ní oúnjẹ gidi. Àléébù rẹ̀: ìṣù ti bàjẹ́, ègé abẹ́ irúgbìn kò sì jọ ti etí. Ẹ gé ó kéré tán mẹ́ta.

Èwo fún ta ni?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá ìṣù tí ẹ rà dára: títutù nínú pápá, sẹ́ńsọ̀ tó ń rìn, fọ́múlà z. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí kan ṣoṣo tó yọ ṣóńṣó bí òkè ló yẹ kí ẹ rí. Orí méjì túmọ̀ sí pé ó sán tàbí pé kírísítálì kejì hù nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́rin tó ga díẹ̀ bí àgbélébùú kì í ṣe àbùkù.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe mọ́tò tàbí ohun tó ń yí: sẹ́ńsọ̀ lórí ìlà, ìṣirò tó so ooru mọ́ iná, kí ẹ má sì gba iye Bean gbọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń lọ sí 10 T sókè, ìwọ̀n òòfà kọ́ ni ìṣòro yín mọ́. Agbára ara ìṣù ni. Ní 10 T, ìtì tí pápá ń ti ìṣù látinú síta tó 40 MPa, bẹ́ẹ̀ ìṣù lásán ń fọ́ ní nǹkan bí 30. Òrùka irin aláìpẹtà tí ẹ gbóná kí ẹ tó fi dè é, tàbí fáíbà kábọ́nù pẹ̀lú résínì, ni wọ́n fi ń gbà á là. Ìṣirò tí kò sí irin yẹn nínú rẹ̀ á fún yín ní iye pápá fún ìṣù tó ti di àfọ́kù.

Lítà náítírójìn olómi kan ń di nǹkan bí lítà 700 ti afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé. Kí ẹ tó tún wọn ìṣù kan náà, ẹ jẹ́ kó gbóná kọjá 92 K dé inú yàrá, kí pápá àná má bá ti òní jókòó pọ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ń gbóná: ìrì á sẹ̀ sára rẹ̀, omi sì ń jẹ YBCO.